Fífò Adákẹ́

Ògiri tó wà láàárín ṣọ́ọ̀bù ìyá aránṣọ àti ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kò nípọn rárá. Bí onígbàjámọ̀ bá sín, aránṣọ á kí i ní pẹ̀lẹ́. Bí abẹ́rẹ́ bá gún aránṣọ lọ́wọ́ tó sì ṣépè, onígbàjámọ̀ á ṣe àmín láti òdìkejì, àwọn oníbàárà rẹ̀ á sì bú sẹ́rìn-ín. Aládùúgbò dáadáa ni, ẹnì kan ò lè parọ́ mọ́ ọn. Ohun kan ṣoṣo ló fi ń ba ayé jẹ́ fún ìyá yìí: tẹlifíṣọ̀n tó gbé kọ́ sára ògiri yẹn gan-an, tí kì í fi nǹkan mìíràn hàn ju Ọ̀gá Òrùlé lọ.

Ta ni kò mọ Ọ̀gá Òrùlé nílùú yẹn? Láyé ìgbà tí wọ́n ń fi í hàn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, títì á dá páropáro. Ọkùnrin kan báyìí ni, tó wọ jákẹ́ẹ̀tì pupa, tó ń lé olè láti orí òrùlé kan bọ́ sórí òmíràn. Bó bá fò tán, tó já sílẹ̀ gbì, tí àwọn olè rò pé ó ti parí fún un, ẹ ó gbọ́ ohùn kan tó há díẹ̀, tó máa mi inú ilé tìtì: "Ara mi dá!" Háà! Àwọn ọmọ kéékèèké fò látorí fẹ́ǹsì títí apá fi ń yẹ̀, wọ́n á máa sunkún, wọ́n á ṣì máa ké "Ara mi dá!" mọ́ ọn. Àwọn ọmọ yẹn ló ti di baba ọlọ́mọ báyìí, tí wọ́n ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n ń sọ pé kò sẹ́ni tó mọ eré ṣe mọ́.

"Ẹ gbọ́ ohùn yẹn!" ni onígbàjámọ̀ máa ń wí, tí á dá kilípà dúró sórí ẹni ẹlẹ́ni. "Ohùn ọkùnrin gidi nìyẹn! Àwọn òṣèré ìsinsìnyí, bí adìyẹ tí òjò pa ni wọ́n ń dún."

Ní òdìkejì, aránṣọ á tẹ maṣíìnì rẹ̀ gírígírí kí ariwo rẹ̀ lè bo ohùn náà mọ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì ló fi ń tẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ti kọ iṣẹ́ sílẹ̀ láti ìbàdí, ó pẹ́. Ohùn ọkùnrin gidi tí wọ́n ń yìn yẹn, ohùn ìyá aránṣọ yìí ni.

Bẹ́ẹ̀ ni, ohùn rẹ̀ ni. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ délẹ̀.

Nígbà tó wà lọ́mọge, Ológbò ni wọ́n ń pè é nídìí eré náà, nítorí pé ibi yòówù kó ti já, ẹsẹ̀ ló fi ń balẹ̀. Òṣèré tí wọ́n fi ṣe Ọ̀gá Òrùlé lẹ́wà lóòótọ́. Ó ga, eyín rẹ̀ funfun báláú. Ṣùgbọ́n bó bá gun àga lásán láti pààrọ̀ gílóòbù, òógùn á bò ó, á máa pe ìyá rẹ̀. Òun ló ń sọ̀rọ̀, òun ló ń wo ọmọge lójú. Bó bá ti di ọ̀rọ̀ òrùlé báyìí, Ológbò á wọ jákẹ́ẹ̀tì pupa tirẹ̀, á fi fìlà tẹ irun mọ́lẹ̀, á sì gòkè lọ. Kámẹ́rà á dúró lókèèrè. Ta ló fẹ́ mọ̀?

Nísàlẹ̀, páálí òfìfo ni wọ́n máa ń tò síra wọn gègèrè kó lè já sí i. Bí páálí bá ti gba ara èèyàn lẹ́ẹ̀kan, ó ti tẹ̀ nìyẹn, kò lágbára mọ́. Wọ́n gbọ́dọ̀ kó o dànù kí wọ́n tó tún fò. Bí Ológbò bá sì ti rì sáàárín páálí, tí ojú ẹnikẹ́ni ò tó o, ó gbọ́dọ̀ ké pé "Ara mi dá!" Bí wọ́n bá gbọ́ ọ, kí oníkálukú máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Bí wọn ò bá gbọ́ ọ, kí gbogbo èèyàn ju ohun tó wà lọ́wọ́ wọn sílẹ̀, kí wọ́n sáré wá. Òfin wọn nìyẹn, àti ọ̀gá àti ẹni tó ń gbálẹ̀ ló mọ̀ ọ́n.

Àṣìṣe ló jẹ́ kí ará ìlú gbọ́ igbe náà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹni tó ń gba ohùn sílẹ̀ gbàgbé láti gé e kúrò, nítorí pé ọkọ̀ tó fẹ́ gbé fídíò lọ sí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ti ń fun fèrè lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo ọmọ ilé-ìwé ló ń ké e. Ni olùdarí eré bá ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ yọ ọ́ mọ́ láé. Láti ọjọ́ náà lọ, òṣèré á máa la ẹnu, Ológbò á máa ké. Ọkùnrin yẹn ò fi ohùn ara rẹ̀ sọ ọ́ rí lójú kámẹ́rà, àfi bó bá jókòó sídìí ọtí.

Ó wá ku fífò ìkẹyìn. Nínú ìtàn, wọ́n ti pa àbúrò Ọ̀gá Òrùlé, ó sì fẹ́ fò láti orí ilé gogoro kan láti lọ bá àwọn tó pa á. Ológbò ti fò ó lẹ́ẹ̀kan lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Olùdarí ní oòrùn kò dára, kó tún un fò. Ó tún gun òkè lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti kó páálí tó tẹ̀ kúrò nígbà tí òṣèré náà wo aago ọwọ́ rẹ̀, tó ní, "Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀! Ṣebí ológbò ni? Mò ń kánjú." Olùdarí wo ojú rẹ̀, ó sì dákẹ́, nítorí pé ojú yẹn ló ń ta eré náà. Ológbò wà lókè lọ́hùn-ún, kò gbọ́ nǹkan kan. Ẹni tó ń gba ohùn sílẹ̀ ló wá fi omijé sọ ọ́ fún un lẹ́yìn náà, lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù.

Ó fò. Ó já sí páálí tó ti kú, ó sì bá a dé kọnkéré. Ìṣó kan fa jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ya níbàdí, ṣùgbọ́n ìbàdí fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ kán. Ó la ẹnu, èémí ò jáde. Kò sí igbe kankan. Òṣèré náà ní àwòrán ti dára, kí wọ́n máa palẹ̀ mọ́, wọ́n sì gbọ́ tirẹ̀ ju òfin igbe lọ. Òun náà gba ẹ̀gbẹ́ páálí kọjá lọ sídìí mọ́tò rẹ̀. Ológbò rí bàtà rẹ̀ láàárín páálí méjì, ó súnmọ́ débi pé bó bá na ọwọ́ á kàn án. Bàtà náà ò dúró.

Nígbà tí wọ́n bi òṣèré léèrè, ó ní, "Ó ti mutí kó tó gòkè." Gbólóhùn kan péré, ó sì tó. Kò sí ilé eré tó tún fẹ́ gbọ́ orúkọ Ológbò mọ́, ẹni tí kì í fi ẹnu kan ọtí. Ló bá lọ kọ́ iṣẹ́ tí èèyàn ń jókòó ṣe.

Ẹ gbọ́ èyí tó burú jù. Nígbà tí wọ́n fi fífò náà hàn, tí Ọ̀gá Òrùlé já sílẹ̀ tí kò ké, gbogbo ìlú sunkún. Wọ́n fún un lórúkọ: Fífò Adákẹ́. Wọ́n ní ìbànújẹ́ àbúrò rẹ̀ ni kò jẹ́ kó lè sọ pé ara òun dá. Títí di òní olónìí, bí ìjà bá fẹ́ ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, ọ̀rọ̀ Fífò Adákẹ́ náà ni. Òṣèré náà kò sì jẹ́ kó tutù. Ó lọ sórí rédíò, ó ní, "Èmi ni mo ronú rẹ̀. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì."

Ó gbé e mì! Aránṣọ wà nídìí maṣíìnì nígbà tó gbọ́ ọ, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rán ìka mọ́ aṣọ. Ó ní, "Ó dáa. Á pọ̀ ọ́, lójú gbogbo wọn."

Láti ìgbà náà ló ti ń dúró dè é. Kò ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò pariwo, kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń fẹ́ kò pọ̀: kí ọkùnrin yẹn jẹ́wọ́ ohun tó ṣe níwájú àwọn tó ń yìn ín.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, onígbàjámọ̀ rọra wọlé, ó gbé ọ̀rá kan mọ́yà bí ọmọ tuntun.

"Ìyá wa, ẹ dákun, ẹ ṣe mí lóore kan. Ẹgbẹ́ àwa olólùfẹ́ Ọ̀gá Òrùlé ń pe ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ wá sí gbọ̀ngàn. Ẹnì kan nínú wa rí jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ rà lọ́wọ́ àwọn tó ń kó ẹrù àlòkù. Ó ya díẹ̀ níbàdí. A fẹ́ kó wọ̀ ọ́ jáde. Ẹ rọra o, ìyá wa. Nǹkan ńlá ni."

Aránṣọ tú u. Ó yí i síta, ó yí i sínú. Tìmùtìmù tí wọ́n rán mọ́ ìgúnpá ṣì wà níbẹ̀. Ihò tí wọ́n fi òwú dì létí wà lẹ́yìn, láàárín ejìká méjèèjì, níbi tí ìkọ́ okùn tí wọ́n fi ń dì í mú létí òrùlé kó tó fò ń gbà. Yíya ìṣó náà rèé.

"Ta lẹ ní ó ni ín?"

"Ọ̀gá Òrùlé ni! Ta ni ì bá tún ni ín?"

Ni ìyá bá bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí onígbàjámọ̀ náà fi ń bá a rẹ́rìn-ín láìmọ ìdí rẹ̀. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó nu ojú, ó ní, "Màá rán an. Ṣùgbọ́n èmi fúnra mi ni màá wọ̀ ọ́ fún un. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ gbé e lọ fún ẹlòmíràn."

"Àní kí ẹ má wá ni màá bínú sí!"

Ọmọbìnrin rẹ̀, tó mọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà, tó ti ń fi omi gbígbóná tẹ ìbàdí yẹn láti kékeré, pè é lórí fóònù. "Màmá mi, kí lẹ fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀? Ẹ fa ọ̀rọ̀ lé Ọlọ́run lọ́wọ́."

"Mo ti fà á lé e lọ́wọ́. Mo kàn fẹ́ lọ wò ó bó ṣe ń ṣe é ni."

Ọjọ́ pé. Wọ́n fi Ọ̀gá Òrùlé sínú yàrá kékeré kan lẹ́yìn pèpéle, yàrá tí wọ́n ń kó àga tó kán sí. Ó ti darúgbó, ṣùgbọ́n ó kun irun rẹ̀ dúdú kirikiri, eyín náà sì ṣì funfun. Aránṣọ wọlé, ó há píìnì mẹ́ta sẹ́nu, kò sì sí ìpayà kankan lójú rẹ̀.

"Ẹ na ọwọ́ yín, sà."

"Ẹ ṣé, ìyá." Ó na ọwọ́. Ó fa èjìká, ó fún ikùn mọ́ra. "Ó ti fún jù. Ṣé ẹ gé e ni?"

"N ò fi síìsọ̀ kàn án, sà. Bí wọ́n ṣe rán an náà ló wà."

Ó fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn láti fà á wálẹ̀, ìka rẹ̀ sì bọ́ sínú ihò. "Kí wá nìyí?"

"Ibi tí okùn ń gbà ni, sà. Tiyín ò ní irú rẹ̀."

Ọkùnrin náà dúró gbagidi. Ó yí padà díẹ̀díẹ̀, ó wo ojú rẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún, ó tún wo ojú rẹ̀. "Ológbò."

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Ọ̀gá."

Ó sáré ti ilẹ̀kùn. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ètè ò gbà. "Kí lo ń wá? Sọ ọ́, màá ṣe é. Ṣùgbọ́n gbọ́, àwọn èèyàn tó wà níta yẹn, ìgbà èwe wọn ni wọ́n wá wò. Má bà á jẹ́ fún wọn."

"Ẹ sọ fún wọn pé èmi ni mo fò. Ẹ sọ ẹni tó ní kí wọ́n má tún páálí tò. Ẹ sọ pé n ò mutí. Ẹnu yín ni mo fẹ́ kó ti jáde, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

"Ó ti pẹ́, Ológbò."

"Ẹ bá mi sọ fún ìbàdí mi, kò tíì gbọ́."

Níta, wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń pè é. Ẹ wo bí èèyàn ṣe ń yí padà lójú ẹsẹ̀! Ó na ọrùn, ó gbé ẹ̀rín tẹlifíṣọ̀n yẹn wọ̀, ó ní, "Ta ló sì máa gbà ẹ́ gbọ́? Aránṣọ lásán-làsàn." Ó ṣílẹ̀kùn, ó bọ́ sí gbangba. Síìpù ò pa dé, ó fi jákẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ ní ṣíṣí bí ẹni tó fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀.

Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Àwọn baba ọlọ́mọ wọ aṣọ pupa tí ikùn wọn ò jẹ́ kó balẹ̀. Onígbàjámọ̀ ló di máìkì mú, ó ti ń gbọ̀n fún ayọ̀. Wọ́n bi ọkùnrin náà ní èyí, wọ́n bi í ní tọ̀hún, ó ń dáhùn bí ọba. Ló bá kan ìbéèrè tí gbogbo wọn tìtorí rẹ̀ wá: kí ló dé tí kò ké nínú Fífò Adákẹ́?

Ó tẹ orí ba, ó jẹ́ kí wọ́n dúró dè é díẹ̀. "Mo rántí àbúrò mi tó kú nínú ìtàn yẹn. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ẹnu mi. Mo gbé e mì."

Ẹkún sọ. Onígbàjámọ̀ fi apá aṣọ nu imú. Nígbà tí ohùn rẹ̀ padà, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá wa tó tún jákẹ́ẹ̀tì yìí ṣe. Ìyá, ẹ bọ́ síbí, ẹ kí wa." Ó na máìkì sí i.

Aránṣọ tiro jáde. Ó yọ píìnì kúrò lẹ́nu, ó kàn án mọ́ ọrùn aṣọ rẹ̀. "Mo kí yín o. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo ní. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ kó ké e fún wa."

"Kó ké e! Kó ké e!" Gbogbo gbọ̀ngàn dìde. Kí ni ì bá ṣe? Ó tún ọ̀fun ṣe, ó ké e. Ohùn kan jáde tó tutù, tó ń dán, bí ohùn ẹni tó ń ka ìròyìn. Wọ́n pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n àtẹ́wọ́ náà rọ̀. Ẹnì kan lẹ́yìn ní, "Àgbà ti dé ni."

Ìyá gbé máìkì fún onígbàjámọ̀. Ó fa èémí wọ inú, ó sì ké.

"Ara mi dá!"

Ó há díẹ̀, ó mi àwo fèrèsé. Àwọn kan ti gbé ọwọ́ lórí bí wọ́n ti máa ń ṣe lọ́mọdé, ọwọ́ náà sì dúró sókè níbẹ̀. Onígbàjámọ̀ ń wò ó, ẹnu rẹ̀ ò pa dé.

"Ìyá wa... láti ẹ̀yìn ògiri yẹn, ní gbogbo ọdún wọ̀nyí?"

"Èmi náà ni. Mo ń gbọ́ bí ẹ ṣe ń yìn mí."

Ó wá sọ ọ́ fún wọn. Ó sọ ti páálí, ó sọ ti ihò okùn tó wà lẹ́yìn jákẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, ó sọ ti òfin igbe, ó sọ ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe bí igbe ò bá jáde, ó sì sọ ti bàtà tó kọjá lọ. Kò fi omijé sí i, kò fi ẹ̀wà sí i. "Fífò Adákẹ́ tí ẹ ń sunkún fún," ló wí, "ibi tí eegun mi ti kán ni. Ẹ ti ń wò ó láti ọjọ́ yìí."

Ọ̀gá Òrùlé rẹ́rìn-ín wẹ́rẹ́. "Ìyá yìí mọ àwàdà ṣe."

"Yí ẹ̀yìn rẹ padà kí wọ́n rí i," ni ìyá sọ fún un. Kùn-ún, gbọ̀ngàn kùn. Wọ́n gbọ́ "rẹ" náà. Ẹni tí gbogbo wọn ń pè ní "ẹ̀yin", tí òun náà pè ní "ẹ̀yin" ní gbogbo ayé rẹ̀, ó ti sọ ọ́ di "ìwọ" lójú wọn. Ọkùnrin náà ò yí. Onígbàjámọ̀ ló dìde, ó sì fi ọwọ́ tó ti mọ́ yíyí orí èèyàn yí i láti èjìká, wẹ́lo. Ihò okùn náà rèé lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo wọn rí i.

"Ta ló ní kí wọ́n má tún páálí tò?" ni onígbàjámọ̀ bi í, ohùn rẹ̀ ti yí padà.

"Ìgbà yẹn, a jẹ́ ọ̀dọ́..."

"Mo ní ta ni?"

"Èmi ni," ló wí, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, máìkì sì gbé e dé ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. "Mò ń kánjú ni. Kò mutí."

Ó yẹ kó parí síbẹ̀, àbí? Ẹ ò mọ àwọn òǹwòran. Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, òmíràn gbà á, kò pẹ́ tí gbogbo wọn ń fi ẹsẹ̀ janlẹ̀: "Ìyá, ẹ tún un ké! Ara mi dá! Ara mi dá!" Ojú wọn ń dán. Wọ́n ti rí Ọ̀gá Òrùlé tuntun, ìgbà èwe wọn ò bàjẹ́ mọ́, wọ́n ti fẹ́ máa bá ayọ̀ wọn lọ. Inú bí ìyá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó wò wọ́n yíká. Ó wá di àga mú, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pèpéle, ìjókòó tó mọ̀ dájú pé òun nìkan ò lè dìde níbẹ̀. Kò ké. Kò sọ nǹkan kan.

Àtẹ́wọ́ ń dínkù. Ó tán. Gbogbo wọn ń wo obìnrin tó wà nílẹ̀ tí igbe ò jáde lẹ́nu rẹ̀. Onígbàjámọ̀ ló kọ́kọ́ rántí òfin. Ó ju máìkì sílẹ̀, ó fẹ́ sáré. Ìyá gbé ọwọ́ dá a dúró. Ó wá na ìka sí ọkùnrin tó wọ jákẹ́ẹ̀tì.

Ọ̀gá Òrùlé wo ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́. Ó wo àwọn èèyàn rẹ̀. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó wá. Ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú ìnira lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, eékún rẹ̀ dún kọ̀.

"Ológbò," ló wí, "ara rẹ dá?"

"Ara mi ò dá." Ó dúró kí gbogbo gbọ̀ngàn gbọ́ ọ. "Gbé mi."

Ó gbé e. Jákẹ́ẹ̀tì ya lẹ́yìn láti ihò okùn dé ìdí, kò sì sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ó fẹ́ gba ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́, ìyá fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́ sí ọ̀nà àárín, níbi tí wọ́n máa gbà kọjá níwájú gbogbo àga. Wọ́n ń lọ, ara ìyá ń wúwo lé e léjìká, òógùn àwọ̀ irun dúdú náà ń ṣàn sí i lọ́rùn, àwọn baba ọlọ́mọ ń wò ó lójú kòrókòró. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yára.

"Rọra," ni Ológbò wí fún un. "Kí lo ń kánjú lọ ṣe?"